Johnson: Ọmọ John Wo Ni?

Johnson ni wọ́n ń jẹ́ nílé ìyá mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu àwọn tí ìyá mi bá dárúkọ bàbá rẹ̀ fún: “Ṣé òyìnbó ni bàbá yín àgbà ni, àbí òyìnbó ló ra wọ́n lẹ́rú?” Ìyá mi kì í bínú. Wọ́n á kàn ní Ìjẹ̀ṣà làwọn, wọ́n á sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Lọ́dún tó kọjá, bọ̀dá kan nínú ẹbí fi àwòrán ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí WhatsApp. Asà ni, kìnnìún wà lára rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà wúrà kọ Johnson sí i nísàlẹ̀. Ẹnì kan ló ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bọ̀dá fẹ́ rà á kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀, nítorí wọ́n gbà pé àmì ilé wa ni.

Owó tí wọ́n fẹ́ ná kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ Johnson láàrin wa ló rò pé ilé kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ti ṣẹ̀ wá, tí àwọn mìíràn sì ń fi orúkọ náà bú wọn pé wọn kò mọ orírun wọn. Ẹni tó bá mọ bí orúkọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ní gba èyíkéyìí nínú méjèèjì gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtumọ̀ rẹ̀. John, son. Ọmọkùnrin John. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. John fúnra rẹ̀ kì í ṣe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀. Èdè Hébérù ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé Olúwa ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ó gba inú èdè Gíríìkì kọjá, ó bọ́ sínú Látìnì, ó di Johannes. Ibẹ̀ ni lẹ́tà h tó wà nínú rẹ̀ ti wá, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í pè lẹ́nu. Ben Jonson, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé ayé Shakespeare, kò tilẹ̀ fi h sí tirẹ̀. Jòhánù inú Bíbélì Yorùbá, orúkọ kan náà ni. Tí a bá ní ká túmọ̀ Johnson sí Yorùbá, “ọmọ Jòhánù” ni yóò jẹ́, a ó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé gbólóhùn lásán ni, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé ọmọ lágbájá nìyí.

Láyé àtijọ́, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ orúkọ ìdílé rárá. Orúkọ kan ṣoṣo ni ènìyàn ń jẹ́, ó sì tó, torí pé orúkọ pọ̀ lóríṣiríṣi lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dún 1066, àwọn Norman la òkun wá láti ilẹ̀ Faransé, wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n jọba. Orúkọ tí àwọn ọlọ́lá tuntun yìí ń jẹ́ ni gbogbo ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọ wọn: William, Robert, Richard, Thomas. John náà ń gòkè bọ̀, nítorí Jòhánù Onítẹ̀bọmi àti Jòhánù Ajíyìnrere. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹrìnlá, tí a bá to ọkùnrin mẹ́rin síbì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣòro kí a rí John kan láàrin wọn.

Kí ni abúlé tó ní John mẹ́wàá yóò ṣe? Ohun tí àwa náà máa ń ṣe ni. Tí Àkànní bá pọ̀ ládùúgbò, a ó sọ pé Àkànní télọ̀, Àkànní ìsàlẹ̀ odò, Àkànní dúdú, Àkànní ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ló bí Smith àti Taylor, ibùgbé ló bí Hill, àwọ̀ ara tàbí irun ló bí Brown, orúkọ bàbá ló sì bí Johnson.

Ẹ jẹ́ ká mú àgbẹ̀ kan ní Yorkshire, ní nǹkan bí ọdún 1300, ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń jẹ́ Robert, John ni bàbá rẹ̀. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ àwọn tó ń lo ilẹ̀ ọlọ́lá ń fi Látìnì kọ̀wé, nítorí náà “Robertus filius Johannis” ló kọ sílẹ̀: Robert, ọmọ John. Nínú ọjà àti lẹ́nu àwọn ará ilé, Robert Johnson ni. Robert bí William. Kí ni William yóò jẹ́? Kì í ṣe Johnson. Ọmọ Robert ni, nítorí náà Robertson tàbí Robson ni wọn yóò máa pè é. Tí William bá bí Thomas, Thomas Williamson ni. Bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Kò sí ẹni tó purọ́, kò sí ẹni tó sọ orúkọ nù. Bàbá ẹni ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, bàbá sì ń yí padà láti ìran dé ìran.

Ọjọ́ kan wá dé tí orúkọ náà dẹ́kun yíyí padà. Ilẹ̀ ló fà á, owó orí náà sì dá sí i. Ẹni tó fẹ́ jogún ilẹ̀ bàbá rẹ̀ rí i pé ó rọrùn tí orúkọ òun bá bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Ìjọba gba owó orí lórí àwọn ènìyàn lọ́dún 1377, ó gbà á lọ́dún 1379, ó tún gbà á lọ́dún 1381, èyí tó mú kí àwọn tálákà dìde sí ọba. Akọ̀wé owó orí kò fẹ́ orúkọ tó ń yí bí ọ̀gà. Díẹ̀díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹni tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Robert ṣùgbọ́n tó ṣì ń jẹ́ Johnson, nítorí pé bàbá bàbá rẹ̀ ni John. Ibẹ̀ ni gbólóhùn ti di orúkọ ìdílé. Ní gúúsù ó tètè ṣẹlẹ̀, ní àríwá ó pẹ́. Lọ́dún 1538, Thomas Cromwell pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá ṣèrìbọmi fún, àwọn tó ṣègbéyàwó àti àwọn tí wọ́n sin sínú ìwé, èyí sì tún so orúkọ náà mọ́ ọrùn àwọn ènìyàn dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni orúkọ náà dì. Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní John tirẹ̀. John ti Lincolnshire kò mọ John ti Cheshire rí. Lọ́dọ̀ ẹni yìí, orúkọ dì lọ́dún 1320. Lọ́dọ̀ ẹni tọ̀hún, ó di ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni Johnson bẹ̀rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìsí pé ọ̀kan bá èkejì tan. Kò sí John kan tó jẹ́ baba ńlá gbogbo wọn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé Yorùbá ju bó ṣe yé ẹlòmíràn lọ, torí pé ojú àwọn bàbá àgbà wa ló ṣe lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà tí ọmọ bá dé ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù, tíṣà á bi í pé, “Kí ni orúkọ bàbá rẹ?” Ọmọ dáhùn pé Adéyẹmí. Láti ọjọ́ náà, Adéyẹmí di orúkọ ìdílé, àwọn ọmọ ọmọ sì ń jẹ́ ẹ dòní. Àbúrò rẹ̀ tó lọ sí ilé ìwé ní ìlú mìíràn lè ti dárúkọ bàbá àgbà wọn, kó máa jẹ́ Òjó. Ọmọ ìyá méjì, orúkọ ìdílé méjì. Tí a bá sì rí Adéyẹmí láti Òǹdó àti Adéyẹmí láti Ìsẹ́yìn, ẹnikẹ́ni nínú wa kì í sọ pé bàbá kan náà ló bí wọn. Kí ló dé tí a wá ń rò bẹ́ẹ̀ nípa Johnson?

Sáyẹ́ǹsì náà ti fọwọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Leicester yẹ DNA, àbùdá inú ara, àwọn ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ kan náà wò ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, wọ́n wo apá tí ọmọkùnrin máa ń gbà láti ara bàbá nìkan. Tí orúkọ bá ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ́ ẹ ló ti orí bàbá kan wá. Ṣùgbọ́n tí orúkọ bá wọ́pọ̀ bíi Smith, wọn kò bára tan ju bí ẹni méjì tó ṣàdéédé pàdé lójú ọ̀nà lọ.

Ní ti asà olórí kìnnìún yẹn, mo sọ fún bọ̀dá pé kí wọ́n fi owó wọn pamọ́. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bójú tó irú àmì bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1484, College of Arms ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé ẹnì kan ni a máa ń fún ní àmì, àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ nìkan ló sì lè jogún rẹ̀. Kò sí àmì kankan tó jẹ́ ti orúkọ. Ẹni tó bá ń ta “àmì Johnson” ń ta àmì Johnson kan ṣoṣo fún gbogbo Johnson tó wà láyé.

Ọmọ John kò mọ sí Johnson nìkan. Ní àríwá àti àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará Denmark àti Norway ti tẹ̀dó sí láyé àtijọ́, “son” ni wọ́n fẹ́ràn láti fi kún orúkọ bàbá. Ní gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, lẹ́tà s nìkan ni wọ́n máa ń fi kún un. Ìyẹn ni Jones tó kún ilẹ̀ Wales fi jẹ́ ìbejì Johnson. Evans náà, John ti èdè Wales ló wà nínú rẹ̀. Jackson àti Jenkins, orúkọ ìnagijẹ John ló bí wọn. Èyí tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù ni Johnston. Ó jọ Johnson, ṣùgbọ́n “ton” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ, ìletò ni. Orúkọ ibì kan ní Annandale ní gúúsù Scotland ni, ìletò John, ìdílé alágbára kan ló sì ti ibẹ̀ mú orúkọ rẹ̀. Àṣìṣe akọ̀wé ti sọ Johnston mìíràn di Johnson láti ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ṣírò orúkọ tó wọ́pọ̀ jù lọ́dún 1853, Smith ló ṣáájú, Jones tẹ̀ lé e, Johnson sì wà ní ipò kẹwàá. Amẹ́ríkà ni orúkọ náà ti wá di ńlá. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2010 níbẹ̀, ẹni 1,932,812 ló ń jẹ́ Johnson. Smith nìkan ló ju ú lọ. Báwo ni orúkọ tó wà ní ipò kẹwàá nílé ṣe di ìkejì lókèèrè?

Ìdí kan ni àwọn ará Sweden, Norway àti Denmark. Lọ́dọ̀ wọn, bíi ti Yorkshire àtijọ́, orúkọ bàbá ṣì ń yí padà títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọmọ Johan ni Johansson, ọmọ Johannes ni Johannessen. Ní orílẹ̀-èdè Iceland, ó ṣì ń rí bẹ́ẹ̀ dòní: ọmọkùnrin Jón ń jẹ́ Jónsson, ọmọbìnrin rẹ̀ ń jẹ́ Jónsdóttir. Nígbà tí ọ̀kẹ́ àìmọye wọn kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń dáko ní Minnesota, wọ́n sọ ọ́ di Johnson kó lè rọ aládùúgbò àti tíṣà lọ́rùn. Títí dòní, Johnson ló wọ́pọ̀ jù ní Minnesota. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn akọ̀wé ìjọba ní erékùṣù Ellis ní New York, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń já àwọn àlejò sí láti ọdún 1892, ló ń fi tipátipá yí orúkọ àwọn ènìyàn padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti òkè òkun ni akọ̀wé ń wò. Àwọn ènìyàn fúnra wọn ló yí orúkọ padà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fìdí kalẹ̀.

Ìdí kejì ni àwọn dúdú. Ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn Johnson Amẹ́ríkà lọ́dún 2010 tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí òmìnira dé lọ́dún 1865, àwọn kan ti ní orúkọ ìdílé tí wọ́n ń jẹ́ láàrin ara wọn, tí olówó wọn kò sì mọ̀. Àwọn kan mú orúkọ olówó wọn, àwọn mìíràn kọ̀ ọ́, wọ́n yan èyí tó wù wọ́n. Ètò ìkànìyàn ọdún 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn dúdú Amẹ́ríkà sílẹ̀ bí ènìyàn. Nítorí náà, Jack Johnson, abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò tó gba adé àgbáyé lọ́dún 1908, kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú àgbẹ̀ Sweden tó ń jẹ́ Johnson ní Minnesota lásìkò kan náà. Gbólóhùn “ọmọ John” nìkan ló pa wọ́n pọ̀.

Kódà Boris Johnson, tó ṣe olórí ìjọba Bìrìtìkó láti 2019 sí 2022, kì í ṣe Johnson láti ìhà bàbá. Ọmọ Tọ́kì ni bàbá bàbá bàbá rẹ̀, Ali Kemal, akọ̀ròyìn. Ìyàwó rẹ̀ kú lẹ́yìn tó bímọkùnrin lọ́dún 1909, ìyá ìyá ọmọ náà ló sì tọ́ ọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ tí ìyá àgbà yìí ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ ni Johnson. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, tí Tọ́kì di ọ̀tá Bìrìtìkó, ọmọ náà, Osman Kemal, di Wilfred Johnson.

Mo ti wá dé ilé báyìí. Lọ́dún 1807, Bìrìtìkó fòfin de òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ àwọn ọkọ̀ tó kó ẹrú lójú òkun. Àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ogun ti ń jó ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, Òwu ti fọ́, nítorí náà àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà. “Akú” ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí pé ẹnu wọn kì í dákẹ́ lórí “ẹ kú”: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu.

Àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíyìnrere ìjọ Áńgílíkà, ló ń kọ́ wọn níwèé, tí wọ́n sì ń ṣèrìbọmi fún wọn. Orúkọ tí wọ́n ń fún wọn, ibi púpọ̀ ló ti ń wá. Àwọn onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san owó lọ́dọọdún láti fi tọ́ ọmọ kan, ẹni tó bá sì san án lè sọ ọmọ náà lórúkọ. Àjàyí ọmọ Òṣoogùn, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́dún 1822, ṣèrìbọmi lọ́dún 1825, ó sì di Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá Herbert Macaulay, tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1859, ń jẹ́ Thomas Babington Macaulay, orúkọ olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí nígbà náà. Crowther ti Lọ́ńdọ̀nù kò ra Àjàyí, Macaulay ti Gẹ̀ẹ́sì kò bí ẹnikẹ́ni ní Èkó. Ní ti Johnson, míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ William Augustine Bernard Johnson ṣiṣẹ́ ní abúlé Regent láti ọdún 1816, ó sì kú sójú òkun lọ́dún 1823. Hanover ni wọ́n ti bí i. Ọmọ Jámánì ni, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Láti nǹkan bí ọdún 1839, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yìí àti àwọn ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, sí Àgbádárìgì, Èkó àti Abẹ́òkúta, pẹ̀lú orúkọ wọn. Ẹ wo Johnson mẹ́ta tó lókìkí nínú wọn. George William Johnson, télọ̀ tó di olóṣèlú, ló wà nídìí ẹgbẹ́ tó fẹ́ sọ ìjọba Ẹ̀gbá di tìgbàlódé ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1865. James Johnson, tí wọ́n ń pè ní “Holy Johnson”, dé Èkó lọ́dún 1874, ó ṣe àlùfáà ní ìjọ Breadfruit níbẹ̀, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. Òun gan-an, tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó, ló ń jà pé kí wọ́n máa fi orúkọ Yorùbá ṣèrìbọmi fún ọmọ Yorùbá. Samuel Johnson, tí wọ́n bí ní Hastings nítòsí Freetown lọ́dún 1846, jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ìran Aláàfin Abíọ́dún, òun ló sì kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ṣì ń tọ́ka sí, èyí tí àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà tún tò, tó sì jáde lọ́dún 1921. Johnson mẹ́ta, Yorùbá mẹ́ta, ilé mẹ́ta. Lẹ́yìn wọn ni Mobọ́lájí Johnson, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti 1967 sí 1975.

Àwọn Sàró kan bọ́ orúkọ òyìnbó wọn sílẹ̀. David Brown Vincent di Mọ́jọlá Àgbébí lọ́dún 1894. Àwọn mìíràn dì í mú, nítorí pé abẹ́ orúkọ náà ni wọ́n ti ra ilẹ̀ ní Èkó, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti sin òbí wọn. N kò rí ohun tó burú nínú èyíkéyìí.

Ẹni tó ń jẹ́ Johnson, tó sì fẹ́ mọ ilé tó ti wá, kó má wulẹ̀ fi orúkọ náà wá a. Ìwé ìrìbọmi àwọn ìjọ àtijọ́ ní Èkó àti Abẹ́òkúta wúlò, pàápàá tí akọ̀wé bá kọ orúkọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ti òyìnbó. Ìwé ilẹ̀ náà wúlò, torí pé ó máa ń dárúkọ ẹni tó tà á àti ẹni tó jẹ́rìí sí i. Kí ó béèrè èèwọ̀ ilé, kí ó béèrè ilà ojú tí àwọn àgbà kọ. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó lọ jókòó ti ìyá àgbà tó kù láyé nínú ẹbí.

Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà, ojú wọn ti di bàìbàì. Mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n pé irú Johnson wo ni wá. Wọn kò dáhùn ìbéèrè mi. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi wá orí mi títí wọ́n fi bá a, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀: “Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko…” Wọ́n kì í títí, wọn kò dárúkọ John kankan.